Bí ẹ ṣe máa so sísítẹ́mù HR yín mọ́ sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú ìwé ìgbélùú àwọn òṣìṣẹ́ àjèjì

Kí ẹ tó fọwọ́ kan API kankan (ọ̀nà tí sọ́fítíwíà kan fi ń bá òmíì sọ̀rọ̀), ẹ kọ́kọ́ mú bébà àti bírò, ẹ fa ìlà sí àárín bébà yẹn, ẹ kọ HR sí apá kan, ẹ kọ ímígíréṣọ̀n sí apá kejì, kí ẹ wá pín gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ mọ̀ nípa òṣìṣẹ́ àjèjì kan sí ọ̀tún àti òsì. Orúkọ ẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ipò ẹ̀, ẹ̀ka tó wà, ọ̀gá ẹ̀, sáìtì tó ń ṣiṣẹ́, bóyá ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ àbí ó ti lọ, HR ló ni gbogbo ìyẹn. Nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù, irú físà tó fi wọlé, nọ́ńbà CERPAC (káàdì ìgbélùú àjèjì) àti ọjọ́ tí káàdì yẹn máa kú, ipò tó jókòó lé nínú kóótà (àyè tí ìjọba fún ilé iṣẹ́ láti fi gba àjèjì), sọ́fítíwíà ímígíréṣọ̀n ló ni ín. Kò gbọ́dọ̀ sí ẹyọ kan tó wà ní apá méjèèjì. Ewúrẹ́ tí ẹni méjì jọ ni, ebi ló máa ń pa á, torí kálukú rò pé ẹnì kejì ti fún un lóúnjẹ. Déètì CERPAC tí HR lè yí, tí ẹni tó ń mójú tó ímígíréṣọ̀n náà tún lè yí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló máa rí.

Àbúrò kan tó ń ṣe HR nílé iṣẹ́ tó ń la títì, ọ́fíìsì wọn wà ní Jábì, ló pè mí, ó ní ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ta sọ́fítíwíà fún wa ní àwọn ti so ó mọ́ HR wa, wọ́n ní ó ti parí. Mo ní ó dáa, tí ẹnì kan bá yí déètì CERPAC nínú HR báyìí, kí ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún? Ó dákẹ́. Ó ní òun máa bi wọ́n. Òun ni mo kọ́kọ́ kọ èyí fún, mo wá rò ó pé àwọn ará wa pọ̀ ní Àbújá níbí, láti Kúbwá títí dé Lúgbẹ, tó jẹ́ iṣẹ́ HR àbí IT àbí ádímìn ni wọ́n ń ṣe, ó lè kàn wọ́n lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí sọ́fítíwíà yẹn gbọ́dọ̀ mọ̀ ná, torí púpọ̀ nínú èyí tó wà lọ́jà, òkè òkun ni wọ́n ti ṣe é, físà H-1B àti fọ́ọ̀mù I-9 ti Amẹ́ríkà ló mọ̀, kò gbọ́ orúkọ kóótà rí. Níbí, Immigration Act 2015 àti Immigration Regulations 2017 la fi ń ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ máa kọ́kọ́ gba kóótà lọ́wọ́ Mínísírì Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé, orí pọ́tà wọn tó ń jẹ́ eCitiBiz ni wọ́n ti ń tọrọ ẹ̀ báyìí, kóótà yẹn máa dárúkọ ipò kọ̀ọ̀kan, iye èèyàn tó lè jókòó síbẹ̀, àti ọjọ́ tó máa parí. Ẹni tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ á fi físà STR wọlé, wọ́n á sì yí i sí CERPAC láàárín 90 ọjọ́ lọ́dọ̀ Nigeria Immigration Service, àwọn tí orílé-iṣẹ́ wọn wà ní Sauka lọ́nà Ẹ́ápọ́ọ̀tù. Ní December 2018 ni wọ́n sọ owó CERPAC di $2,000, irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa fẹ́ san lẹ́ẹ̀mejì torí déètì tí ẹnì kan tẹ̀ ṣì. Oṣooṣù nilé iṣẹ́ ń fi ritọ́ọ̀nsì, ìyẹn ìròyìn, ránṣẹ́ lórí àwọn àjèjì tó wà lórí kóótà ẹ̀, àjèjì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní ọmọ Nàìjíríà méjì tó ń kọ́ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí sọ́fítíwíà tí wọ́n fẹ́ tà fún yín ò bá ní àyè fún ipò kóótà, fún ọjọ́ tí kóótà máa parí, àti fún àwọn méjì tó ń kọ́ṣẹ́ yẹn, ẹ ní kí wọ́n fi àwọn àyè yẹn sí i kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ má gbà pé àwọn máa ṣe é tó bá yá.

Ẹ sì mọ̀ pé síso tí mò ń sọ yìí kì í ṣe síso mọ́ kọ̀ǹpútà ìjọba o. Sọ́fítíwíà yín ò ní bá yín tún CERPAC ṣe, kò ní bá yín dé Sauka. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ẹni tí ìwé ẹ̀ fẹ́ kú, kẹ́ ẹ mọ̀ ní àsìkò, kí ohun tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lóṣooṣù sì bá ohun tó wà nílẹ̀ mu.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀. Báwo ni sísítẹ́mù méjèèjì ṣe máa mọ̀ pé ẹnì kan náà làwọn ń sọ̀rọ̀ ẹ̀? Ẹ lo nọ́ńbà òṣìṣẹ́ tí HR fún un, èyí tí kì í yí láéláé. Ẹ má lo orúkọ. Ẹ má lo ímeèlì, torí ó lè má tíì ní ímeèlì ilé iṣẹ́ nígbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹ̀. Ẹ má lo nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù náà, torí ọjọ́ tó bá gba tuntun, nọ́ńbà yẹn yí nìyẹn, sísítẹ́mù á ní ẹlòmíì ló dé, ẹ ó wá ní èèyàn méjì fún ẹnì kan. Orúkọ ló burú jù lókè ọya tí a wà yìí, Muhammad, Mohamed, Mamadou, wọ́n lè kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ẹnì kan ṣoṣo nínú ìwé mẹ́ta, òmíì sì wà tí orúkọ kan péré wà nínú páásípọ́ọ̀tù ẹ̀, HR yín á wá fi dandan bèèrè orúkọ bàbá. Àyè orúkọ méjì lẹ máa nílò: orúkọ tá a ń pè é níbi iṣẹ́, tí HR ni, àti orúkọ bó ṣe wà nínú ìlà méjì tí ẹ̀rọ ń kà nísàlẹ̀ páásípọ́ọ̀tù, tí ímígíréṣọ̀n ni. Ìlà yẹn, lẹ́tà 44 ló ń gbà lọ́kọ̀ọ̀kan, 39 ló sì kù fún orúkọ, kò sí àmì ohùn níbẹ̀, orúkọ tó bá gùn jù wọ́n gé e ni, fún ìdí èyí kò lè bá ti HR mu ní gbogbo ìgbà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá mú un bára mu.

Ọ̀rọ̀ àmì náà kàn wá gan-an. Àwọn méjì tó ń kọ́ṣẹ́ yẹn, ọmọ wa ni wọ́n, Yorùbá wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀, ẹni tó kọ Ọláṣùnkànmí pẹ̀lú àmì ẹ̀ sínú HR lè bá a lọ́hùn-ún pẹ̀lú àmì ìbéèrè láàárín, ɗ àti ƙ ti Hausa náà bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ń fi fáìlì CSV (fáìlì lásán tí kọ́mà pín àwọn àyè inú ẹ̀) ránṣẹ́, ẹ sọ fún apá méjèèjì pé UTF-8, ọ̀nà ìkọ̀wé tó gba àmì wa, lẹ fẹ́, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ ara yín dán an wò. Ọmọ èèyàn kò yẹ kó di àmì ìbéèrè nínú ìwé ilé iṣẹ́ ẹ̀.

Níbi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Niger. Ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ẹnì kan lè má kíyè sí i, àmọ́ fún àwa tí a wà lókè ọya, ojoojúmọ́ ni. Orílẹ̀-èdè Niger, kóòdù ISO ẹ̀ ni NE, lẹ́tà mẹ́ta ẹ̀ ni NER. Nàìjíríà ni NG àti NGA. Ẹni tó ń yan nǹkan látinú lísìtì lórí fóònù, ìka ẹ̀ kàn yẹ̀ díẹ̀, ó ti sọ ọmọ Nàìjíríà di àjèjì, tàbí ó sọ àjèjì di ọmọ Nàìjíríà, èkejì yìí ló léwu jù torí sọ́fítíwíà ò ní wo ìwé ẹ̀ mọ́ rárá. Kó tún wá le sí i, Ìpínlẹ̀ Niger tiwa wà níbí, Súlèjà tó fara ti Àbújá, Ìpínlẹ̀ Niger ni. Mo ti rí i lójú ara mi tí ẹni tó ń to kọ́lọ́ọ̀mù gbé "ìpínlẹ̀ tí a ti bí ọ" lọ sí àyè "orílẹ̀-èdè", gbogbo àwọn ọmọ Mínà àti Bídà nílé iṣẹ́ yẹn wá di ará ìlú òkèèrè lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ má fi orúkọ orílẹ̀-èdè ránṣẹ́, kóòdù lẹ́tà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ òfin kékeré kan sínú ẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ NER, kí èèyàn wò ó lójú kí ó tó wọlé.

Àti pé ní 29 January 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS. Tẹ́lẹ̀, sọ́fítíwíà yín lè ní òfin kan pé ẹni tó bá ti jẹ́ ará ECOWAS, kì í ṣe CERPAC ló ń gbà, káàdì ìgbélùú ECOWAS ni. Ẹ lọ wo lísìtì yẹn bóyá wọ́n ti fọwọ́ kàn án. ECOWAS fúnra ẹ̀ sọ pé kí àwọn orílẹ̀-èdè ṣì máa gba páásípọ́ọ̀tù tó ní àmì ECOWAS lára lọ́wọ́ àwọn ará ìlú mẹ́ta yẹn títí àwọn á fi sọ nǹkan míì, nítorí náà ẹ má kàn pa wọ́n rẹ́ kúrò nínú lísìtì, ẹ ṣe ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ fún wọn, kí agbẹjọ́rò yín máa fọwọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Dírẹ́bà ará Maradi ní Niger tó ti ń wakọ̀ fún yín láti ọdún mẹ́wàá, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló yẹ kó dájọ́ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ó tó ká sọ̀rọ̀ wáyà. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́, kí HR máa kọ fáìlì CSV sí SFTP (ibi tí wọ́n ń gbé fáìlì sí pẹ̀lú ààbò) lálaalẹ́, kí sọ́fítíwíà kejì wá kó o. Ìkejì, kí sọ́fítíwíà ímígíréṣọ̀n fi API wá bi HR léèrè ní wákàtí mélòó kan síra. Ìkẹta, kí HR fi webhook, ìyẹn ìkésíni tí sísítẹ́mù ń fi ránṣẹ́ fúnra ẹ̀, ké sí i lójú ẹsẹ̀ tí nǹkan bá yí. Ẹ bi àwọn tó ni HR yín èwo ni wọ́n ní: SuccessFactors ní OData API, BambooHR ní API pẹ̀lú webhook, Workday lè sọ ríipọ́ọ̀tù di ohun tí sọ́fítíwíà míì lè wá kà. Fún ilé iṣẹ́ tó ní àjèjì ogún tàbí ọgbọ̀n, èmi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa pa ara yín lórí webhook, CSV alaalẹ́ tó. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rọ̀ yín sí ni pé kẹ́ ẹ ní ọ̀nà kejì ní gbogbo ìgbà, pàápàá tẹ́ ẹ bá lo webhook, torí ariwo tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ti lọ nìyẹn. Ní 14 March 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun gé, tí íntánẹ́ẹ̀tì kú káàkiri ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, gbogbo ohun tí HR ké jáde tí kò sí ẹni tó gbà á, ó ṣòfò àyàfi tí nǹkan míì bá wá kó gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ kí webhook máa sáré, kí fáìlì kan sì máa wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti fi gbogbo orúkọ wé ara wọn.

Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà sáfà inú ọ́fíìsì lẹ fẹ́ fi ṣe é, ẹ wo aago o. Wọ́n á ní kí iṣẹ́ yẹn máa ṣe ní agogo méjì òru torí ibẹ̀ ló dákẹ́, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀, ìnfátà á gbé e dé bí agogo mẹ́wàá, agogo méjì kọ́ ló máa bá a. Ẹ fi sí agogo mẹ́wàá àárọ̀, kò sí ohun tó ń lé yín.

Àkáǹtì tó máa so méjèèjì pọ̀, kó má jẹ́ ti èèyàn. Ẹ dá àkáǹtì iṣẹ́ sílẹ̀ fún un, kó ní client ID (orúkọ ẹ̀) àti secret (ọ̀rọ̀ aṣínà ẹ̀) ti ara ẹ̀ lórí OAuth 2.0, ìlànà tí wọ́n fi ń fún sọ́fítíwíà láyè láti wọlé, kó lè ka àwọn àyè tẹ́ ẹ kọ sí bébà yẹn nìkan, kò gbọ́dọ̀ ka owó oṣù àyàfi tí fọ́ọ̀mù kan bá bèèrè ẹ̀ ní tòótọ́, kò gbọ́dọ̀ ka ìwé ìtọ́jú ọsibítù, kò kàn án. Secret yẹn kì í ṣe ohun à ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù, fọ́tò, ìka ọwọ́, dátà ara ẹni tí òfin dáàbò bò ni wọ́n lábẹ́ Nigeria Data Protection Act tí wọ́n fọwọ́ sí ní 12 June 2023: tí dátà bá jò tó lè ṣe èèyàn léṣe, wákàtí 72 lẹ ní láti sọ fún Kọmíṣọ̀n tó ń mójú tó o. Bí sáfà àwọn tó ta sọ́fítíwíà fún yín bá wà lókè òkun, ẹ gba ìwé àdéhùn lórí ìyẹn lọ́wọ́ wọn kí orúkọ kankan tó kọjá.

Déètì ńkọ́? Òun ni olórí àṣìṣe. 03/07/2026, òyìnbó Amẹ́ríkà kà á sí ọjọ́ keje oṣù kẹta, àwa kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù keje, bí oṣù mẹ́rin ló wà láàárín. Èyí tó ju 12 lọ máa ń dá dúró kó ní àṣìṣe wà, èyí tí kò ju 12 lọ wọlé jẹ́ẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi tó kẹ́ ẹ wo déètì mẹ́ta kẹ́ ẹ ní ó ti dáa. Ọdún kọ́kọ́, oṣù, ọjọ́, 2026-07-03, kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo, ẹ má sì fi Excel ṣí fáìlì yẹn láàárín ọ̀nà torí Excel á yí déètì, á gbé odo tó wà níwájú nọ́ńbà òṣìṣẹ́ jù nù, 00417 á di 417. Èyí tó tún farasin ni aago àgbáyé. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú UTC, tí HR bá kọ ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ní agogo méjìlá òru, tí sọ́fítíwíà lọ́hùn-ún bá yí i sí UTC, ọjọ́ ìkẹyìn oṣù kejì ló máa rí, agogo mọ́kànlá alẹ́. Ọjọ́ kan péré ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ló wà láàárín ìwé tó wà láàyè àti èyí tó ti kú. Ẹ fi déètì nìkan ránṣẹ́, ẹ má fi aago mọ́ ọn.

Nǹkan wo ló yẹ kó mú kí sísítẹ́mù sọ̀rọ̀? Ẹni tuntun wọlé, ẹnì kan lọ, ìyẹn hàn sí gbogbo èèyàn. Èyí tí ilé iṣẹ́ ń gbàgbé ni ìgbéga. HR gbé Project Engineer di Project Manager, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jẹ kéèkì, ipò Project Engineer ló sì wà lórí kóótà àti ìwé ẹ̀. Ìyípadà ipò gba ìyọ̀ǹda. Ẹ jẹ́ kí HR dúró: tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yí ipò ẹni tó wà lórí kóótà, kó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń mójú tó ímígíréṣọ̀n, kí òun tẹ bẹ́ẹ̀ ni kó tó di òótọ́. Tí ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń kọ́ṣẹ́ bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ náà, kí àlámù dún, ọmọ Nàìjíríà ni, HR ò ní ronú kan ímígíréṣọ̀n nítorí ẹ̀, kóótà sì gbára lé e. Tí àjèjì bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí sísítẹ́mù pa orúkọ ẹ̀ rẹ́, kó kàn yí i sí "ti kúrò" pẹ̀lú ọjọ́, torí ritọ́ọ̀nsì oṣù yẹn ṣì nílò ẹ̀.

Àlámù ìwé tó fẹ́ kú, ẹ jẹ́ kó dún nígbà tó bá ku 180 ọjọ́, 90, 60 àti 30, kí ẹ má sì wo CERPAC nìkan. Ìwé mẹ́ta ló so mọ́ra: páásípọ́ọ̀tù, kóótà, CERPAC. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ dé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí sọ́fítíwíà máa kà sí, torí CERPAC tó ku oṣù mẹ́jọ lórí kóótà tó ku oṣù méjì, oṣù méjì lẹ ní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibi tí àlámù yẹn ń lọ. Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ímeèlì ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ ń lọ. Ẹni yẹn rí iṣẹ́ síbòmíì, ó lọ, wọ́n ti àkáǹtì ẹ̀ pa, àlámù ṣì ń lọ síbẹ̀ fún oṣù méjì gbáko, lọ́ọ̀gì ń sọ pé ó ti dé. Ẹnjiníà ará India kan wà lórí sáìtì lọ́nà Kàdúná, ìwé ẹ̀ ti kú, kò mọ̀, ìgbà tí wọ́n pè é láti ilé pé bàbá ẹ̀ wà lọ́sibítù tó ní kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ló tó mọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi jókòó sínú yàrá ẹ̀ kí ìwé tó parí, alaalẹ́ ló ń pe ilé. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ fún un nígbà míì torí kò fẹ́ jáde. Láti ìgbà yẹn, níbikíbi tí mo bá dé, ímeèlì ẹgbẹ́ ni mo ń lò, ó kéré tán èèyàn mẹ́ta wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ ń gba tiẹ̀ lórí fóònù, tí ẹnikẹ́ni ò bá sì tẹ "mo ti rí i" láàárín ọjọ́ márùn-ún, kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ dá èèyàn irọ́ sílẹ̀ ní àyíká ìdánwò: ẹni tó ní orúkọ kan péré, ará Niger, ọmọ Ìpínlẹ̀ Niger, ẹni tó gba páásípọ́ọ̀tù tuntun láàárín ọdún, ẹni tó lọ tó tún padà wá, ẹni tí déètì ẹ̀ bọ́ sí 29 February. Ẹ gbé ipò ọ̀kan ga kẹ́ ẹ wò ó bóyá nǹkan máa dá a dúró. Ẹ fa íntánẹ́ẹ̀tì yọ láàárín kó ń ṣiṣẹ́, ẹ dá a padà, ẹ kà á bóyá ẹnì kan ti di méjì.

Lẹ́yìn náà, èèyàn márùn-ún gidi lákọ̀ọ́kọ́, pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù wọn lórí tábìlì, kí ẹni méjì jókòó, ọ̀kan ka ìwé sókè, èkejì wo ojú kọ̀ǹpútà. Tí ìyẹn bá dáa, ẹ kó àwọn yòókù wọlé. Ẹ máa ṣe ritọ́ọ̀nsì oṣù méjì àkọ́kọ́ ní ọ̀nà méjèèjì, látinú Excel àtijọ́ àti látinú sọ́fítíwíà, kẹ́ ẹ tẹ méjèèjì jáde kẹ́ ẹ fi wé ara wọn lórúkọ lórúkọ. Oṣù kẹta, tí méjèèjì bá ti bára mu, ẹ ti Excel yẹn pa kí ẹnikẹ́ni má lè kọ nǹkan sínú ẹ̀ mọ́, kíkà nìkan.